Ìpè Kẹta Ló Máa Ń Dáhùn

Baryo Cabaruan
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1986

Feling ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyá ilé tí ò ń bá ṣiṣẹ́, mo kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa tó wà ní Hong Kong. Wáyà tí àbúrò mi Usting fi ránṣẹ́ yóò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ ṣáájú ìwé yìí. Wáyà kò lẹ́nu púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni. Don Saturnino olóko tábà ló kú, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ránṣẹ́ pè mí kí n wá sun arò, bí wọ́n ti máa ń pè mí sílé gbogbo ẹni tó bá kú láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Mo fi Miniong ọmọ rẹ sọ́dọ̀ ìyàwó Usting. Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kòtò omi oko sì kún dé etí. Ọ̀kan nínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ Miniong bọ́ sómi, òun náà sì tẹ̀lé e. Ìyàwó Usting ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ tirẹ̀, ó rò pé abẹ́ ilé, láàárín àwọn òpó, ni ọmọ náà wà. Ọkùnrin kan tó ń da ẹfọ̀n rẹ̀ bọ̀ láti oko ló rí i lẹ́bàá afárá. Mo wà níwájú òkú Don Saturnino, mò ń bi í pé ta ni yóò máa bójú tó oko tábà rẹ̀, nígbà tí wọ́n wá fà mí láṣọ.

A ti sin ín. Aṣọ funfun tí o fi ránṣẹ́ fún Kérésì ni wọ́n wọ̀ fún un. Gbogbo àdúgbò jókòó, wọ́n ń dúró dè mí. Mo ya ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohùn tí mo fi sun arò fún baba rẹ, tí mo fi sun arò fún olè tí wọ́n yìnbọn pa lọ́jà, ó kọ̀ fún ọmọ yìí. Wọ́n gbé e jáde nílé bí ẹni gbé àpò ìrẹsì.

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n pe Sabel tó ń sun arò ní baryo kejì, abúlé tó wà nítòsí wa. Mo ní rárá. Ẹni tó bí ọmọ tàbí ẹni tó tọ́ ọ ló ń sun arò rẹ̀. Ẹlòmíràn kò mọ ohun tí yóò bi í. Èyí tó tún burú jù ni pé kò sẹ́ni tó pè é kúrò nínú omi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bí a bá ti odò bọ̀, a ó yíjú padà, a ó pe orúkọ ọmọ, a ó ní, "Máa bọ̀ o, má dúró sẹ́yìn," kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà jókòó síbẹ̀. Mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí o wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Manila. Ní ti Miniong, ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé bọ̀. Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tiwa kú, ó sì tún nù.

Kí ọdún tó yípo, kí a tó bọ́ aṣọ dúdú, arò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde létí omi náà, kí a sì pè é wálé. Ìwọ lo bí i. Wá sílé. Àwa ti fi eérú koríko fọ orí wa lẹ́yìn ìsìnkú. Ìwọ nìkan ni orí rẹ ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ,
Basilia


Kowloon
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1986

Nanang mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé inú kì í bí ni kí a gbàgbé kíkí. Ẹ bá mi kí Tata Usting. Ẹ má bá mi kí ìyàwó rẹ̀.

Madam Lau kò gbà kí n wá. Ó ní àdéhùn wa kò tíì parí, ọmọ rẹ̀ kékeré kò sì gbà kí ẹlòmíràn bọ́ òun. Bí mo bá lọ, ẹlòmíràn ni yóò gbà. Kò pariwo mọ́ mi o. Ó fún mi ní ìsinmi ọ̀sán kan, ó sì ra ọsàn fún mi. Lọ́jọ́ tí wáyà dé, mo wẹ ọmọ rẹ̀ lálẹ́, mo sì gbé e sùn. Inú báàfù kékeré ni mo ti wẹ̀ ẹ́, omi ibẹ̀ kò mu ún dé ìdodo, síbẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú.

Mo ti ka ìwé yín títí ó fi ya níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ. Ibì kan náà ni mo ń padà sí. Ẹ wà níwájú òkú olóko tábà, ẹ ń bi í ní ìbéèrè. Kí ni Don Saturnino jẹ́ sí wa? Ẹni tí kì í jẹ́ kí a ṣa ewé tó bọ́ sílẹ̀ lóko rẹ̀. Wọ́n á fún yín ní adìyẹ àti ìrẹsì, ẹ lọ ń ta omijé fún wọn. Ọwọ́ yín ni mo fi ọmọ mi lé, kì í ṣe ọwọ́ ìyàwó Usting. Ẹ ní ohùn yín kọ̀. Ó yẹ kó kọ̀. Ẹ ti ná an tán sílé onílé.

N kò lè wá. Ẹ bá mi tọ́jú bàtà rẹ̀.

Feling


Baryo Cabaruan
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 1986

Feling,

Mo kí ọ. Ara mi le, àfi orúnkún. Òní ni ọjọ́ àwọn òkú. Mo gbé atang Miniong, oúnjẹ àwọn òkú, sórí tábìlì: tupig, àkàrà ìrẹsì tí mo sun nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, àti gíláàsì omi kan. Mi ò gbé bagoong, ẹja oníyọ̀ yẹn, sí i, kì í jẹ ẹ́.

Mo rí ìwé rẹ. Mi ò ní fèsì sí ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí irọ́ kò sí níbẹ̀. Àfi ibì kan: wọn ò fún mi ní adìyẹ. Mo ti sá kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó dé orí ìyẹn.

Perla ọ̀rẹ́ rẹ kọ̀wé sílé pé o kì í sùn mọ́, pé ṣe lò ń rìn káàkiri nínú ilé onílé. Orí tí a kò fọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wá koríko ìrẹsì, sun ún, po eérú rẹ̀ mọ́ omi, ta ọtí ìrèké sí i, kí o fi fọ orí rẹ létí òkun, kí o sì kọjú sí ọ̀nà ilé. Lẹ́yìn náà kí o sun arò ọmọ rẹ. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìsìnkú, ikọ́ ló ń jáde lẹ́nu mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ náà ti dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Ìwọ ló kù.

Ìyá rẹ


Kowloon
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kọkànlá, ọdún 1986

Nanang mi,

Mo kí yín, mo kí orúnkún yín. Ẹ máa fi òróró àgbọn pa á.

Kò sí oko ìrẹsì níbí, ilé alájà gogoro là ń gbé. Ṣùgbọ́n àsìkò akàn la wà yìí, koríko ìrẹsì ni àwọn tó ń tà á fi ń di ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tú u lára akàn kọ̀ọ̀kan tí Madam Lau rà, mo ṣàn án, mo sá a sójú fèrèsé. Madam béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní oògùn orí ni. Lọ́jọ́ ìsinmi wa èmi àti Perla lọ sétí òkun, a sun ún nínú agolo mílíìkì. A kò rí ọtí ìrèké, ọtí kíkan tí wọ́n fi ń se ẹja la lò. Orí mi rùn bí akàn di ọjọ́ kejì. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ìwọ̀ pẹja ń wò wá, ó rò pé ebi ló ń pa wá, ó fún wa ní ẹja kan. Mo rẹ́rìn-ín, Nanang. Lẹ́yìn náà mo sunkún débi pé Perla jókòó lé etí aṣọ mi, kí n má baà wọ inú omi lọ.

Mo ti sun arò náà. Mo yá ẹ̀rọ tí Perla fi ń gba ohùn, mo ti ara mi mọ́ inú balùwẹ̀, mo ṣí omi kí Madam má baà gbọ́. Perla ń bọ̀ nílé fún Kérésì, yóò mú kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ gbé e lọ sétí omi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nínú ilé.

Feling


Baryo Cabaruan
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní, ọdún 1987

Felicitas,

Orúkọ ìrìbọmi rẹ ni mo fi pè ọ́ lónìí. Mo kí ọ nítorí pé kíkí kò ṣé yẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí o kọ níparí oṣù kọkànlá, àná ló tó dé. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ ti dé láti ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì. Perla fi lé Usting lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀, ó ń sáré wọ ọkọ̀ mìíràn, kò sọ ju pé "Láti ọ̀dọ̀ Feling" lọ.

O mọ bí a ti ń ṣe bí kásẹ́ẹ̀tì bá dé láti òkèèrè. Usting gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú fèrèsé, ó ránṣẹ́ káàkiri. Gbogbo àdúgbò gbé àga wọn wá. Ìyàwó rẹ̀ sun tupig. Àwọn ọmọdé jókòó síwájú, nítorí o máa ń kí wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà Tomasa, tí kì í gbọ́ràn dáadáa, ní kí wọ́n yí i sókè, Usting sì yí i sókè.

Ìró omi ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ gbọ́ òjò Hong Kong. Ìgbà náà ni ohùn rẹ dé: "Ìyá tó bí mi, níbo lẹ wà? Ìyá tó bí mi, arò ta ni ẹ ń sun?" Àwo bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó Usting. Arò nínú ilé tí kò sí òkú, lọ́jọ́ Kérésì ku ọ̀la! O mọ̀ pé wọ́n ní irú rẹ̀ máa ń pe ikú wọlé. Àwọn ìyá fa ọmọ wọn dìde. Usting ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, ó ṣèèṣì tún yí i sókè sí i. Gbogbo orúkọ tí o fi pè mí ni wọ́n gbọ́ títí dé ojú títì. Ẹyin lohùn. Èyí ti balẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wọ́n iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn bí mo bá ti kọjá. Ara Tomasa kò yá lọ́jọ́ ọdún tuntun, gbogbo wọn ń wo ojú mi. Ara rẹ̀ ti yá, tupig ló jẹ jù.

Ohun tí o sọ kọ́ ló bí mi nínú. Ó bí mi nínú pé o kó arò ọmọ wa sínú ẹ̀rọ, o kò sì kọ sí i lára pé arò ni. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́.

Ìyá rẹ


Baryo Cabaruan
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì, ọdún 1987

Feling,

Ṣé o wà láàyè? Mo ní kí o má fi nǹkan ránṣẹ́, mi ò ní kí o má kọ̀wé. Ọmọ tí mo bí mọ ìyàtọ̀.

Mo yá ẹ̀rọ Usting láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé e lọ sétí omi, mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí bí ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí o tó mọ̀ ọ́n rìn. Ohùn rẹ dára, ó tilẹ̀ ju tèmi lọ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n arò náà kò dára. O kò pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí téèpù fi tán, èmi lò ń bá jà. Ọmọ náà wà nínú omi, ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń bá ìyá àgbà rẹ̀ jà, kò sẹ́ni tó kọjú sí i.

Òkú là ń bá sọ̀rọ̀. À ń pe orúkọ rẹ̀ bí a ti ń pè é wá jẹun. À ń bi í ní ohun tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè dáhùn. À ń ka ohun tó fi sílẹ̀ nínú ilé fún un, kó lè mọ̀ pé a rí i. Bí ẹ̀sùn bá wà, ẹ̀yìn ló ń wá, òkú náà la sì ń fi ẹjọ́ sùn. Ohun tí a bá sọ nínú arò, ẹnikẹ́ni kì í bá wa ṣẹjọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì fèsì sí i. Nítorí náà, má yọ orúkọ mi kúrò. Sọ fún un pé ìyá àgbà rẹ̀ kò sí nílé, ṣùgbọ́n òun ni kí o sọ ọ́ fún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwọ ń sunkún, o tún di ojú.

Tún un ṣe. Òjò ti ń bọ̀, ọdún sì ń lọ.

Ìyá rẹ


Kowloon
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 1987

Nanang mi,

Mo kúnlẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Kérésì. Ẹ bá mi bẹ Tata Usting, ẹ bá mi bẹ ìyá àgbà Tomasa, ẹ bá mi bẹ ìyàwó Usting náà nítorí àwo rẹ̀. Ojú ló tì mí tí n kò fi kọ̀wé.

Mo jókòó láti tún un ṣe. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sókè ìwé, mo sì ń wá ohun tí n óò bi í. Nanang, n kò mọ ọmọ náà. Kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì. Baba rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ kí n tó bí i, kò sí ohun tí mo lè rí kọ́ lára ìyẹn. Mo mọ òórùn orí rẹ̀, mo mọ̀ pé kì í gbà kí a bo òun lẹ́sẹ̀ bó bá ń sùn. Ó tán. Ọmọ Madam Lau, mo mọ eyín tó kọ́kọ́ hù lẹ́nu rẹ̀, mo mọ orin tó fi ń sùn, mo mọ ẹja tó bá jẹ tí yóò bì. Bí ó bá kú lónìí, n óò sun arò rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó kú. Ẹ rí ohun tí mò ń kọ.

Mo bá yín wí pé ẹ lọ ń sun arò olókùú. Kí ni èmi ń ṣe níbí? Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́.

Ẹ bá mi sọ ọ́, Nanang. Irú ọmọ wo ni Miniong?

Feling


Baryo Cabaruan
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 1987

Feling ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ dáadáa. Ooru mú, kòtò omi ti gbẹ, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Mo ti jókòó ti ìbéèrè rẹ láti ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bíi tìrẹ. Gbogbo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ló ti jẹ tán, bó bá ń ronú ló máa ń jẹ ẹ́. Ìrẹsì tó gan mọ́ ìdí ìkòkò ni tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kì í jẹ bagoong, ó ní ó ń rùn bí ẹsẹ̀ Tata Usting. Ó sọ ọ́ níṣojú Usting, Usting sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóòórùn. Kì í fẹ́ kí a bo òun lẹ́sẹ̀ títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Nítorí náà, o mọ̀ ọ́n ju bí o ti rò lọ.

Bí kásẹ́ẹ̀tì rẹ bá dé, yóò gbé etí lé ẹ̀rọ, yóò sì máa dá ọ lóhùn. Bí o bá ní, "Miniong, ṣé ò ń jẹun?" yóò ní, "Mò ń jẹ." Inú máa ń bí i pé o kì í dúró gbọ́ kí o tó kọjá sórí ẹlòmíràn. Ó ní ìyá òun kò lẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ní orúkọ. Mo ti rò ó títí bóyá kí n kọ èyí. Èyí tó máa ń rìn jìnnà jù nínú wọn, tí kì í bá àwọn yòókù wálé, Hong Kong ló sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ló máa ń lọ wá a bọ̀. Òun ló tẹ̀lé wọ omi. Pẹ́pẹ́yẹ náà dá wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò pa á. Ẹyin rẹ̀ ni mo gbé sórí tábìlì lọ́jọ́ àwọn òkú.

Èyí tó kù ni èyí. Bí mo bá pè é wá jẹun, kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kíní. Kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Yóò wà lábẹ́ ilé pẹ̀lú àwọn pẹ́pẹ́yẹ, yóò fọwọ́ bo ẹnu, yóò máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta ni yóò tó ní, "Èmi nìyí, ṣé ẹ ti ń bínú ni?" Mo bi í ìdí tí kì í fi í dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní bí òun bá tètè dáhùn, mi ò ní pe òun mọ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ òun dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ náà, àwọn tó wá pè mí kò sọ ju pé kí n máa bọ̀ nílé. Mo dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò tíì gbé e dé, mo pè é. Àkọ́kọ́ àti èkejì kò bà mí lẹ́rù. Ẹ̀kẹta ni, Feling.

Ọwọ́ ń dùn mí. Bí mo ti ń kọ ọ́, Usting yọjú, ó bi mí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé mò ń sọ ọ́ jáde.

Ìyá rẹ


Kowloon
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 1987

Nanang mi,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé, mo kí ìyàwó Tata Usting. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ tipẹ́.

Madam Lau ti gbà kí n wá lóṣù kẹjọ. Mo di ẹrù, mo tún tú u. N kò ní wá, Nanang. Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ẹsẹ̀ mi kò lè gba ẹ̀gbẹ́ omi yẹn kọjá. Mo ti ṣe arò náà, ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi sun ún. Ẹ ní ohùn yín kọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú ìwé tí ẹ kọ kẹ́yìn. Òun nìyí:

Miniong, Miniong ọmọ mi,
èmi ni, ohùn inú ẹ̀rọ.
Mo bi ọ́ bóyá ò ń jẹun, n kò dúró gbọ́.
Mo dúró lónìí. Ṣé ò ń jẹun?
Ìdí ìkòkò ìrẹsì ṣì wà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
Ta ló ń bò ọ́ lẹ́sẹ̀ níbi tútù yẹn?
Kí lo rí lára Hong Kong tí o fi tẹ̀lé e?
Èmi náà tẹ̀lé e, ó gbé mi lọ.
Pẹ́pẹ́yẹ ti wálé. Ìwọ ńkọ́?
Mo wá fẹjọ́ sùn ọ́, ọmọ mi:
ìyá àgbà rẹ kò sí nílé, ó ń sun arò olókùú;
ìyá rẹ kò sí nílé, ó ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ.
Jókòó, kí o dá ẹjọ́ wa.
Bí o bá dá a tán, dìde ńbẹ̀.
Máa bọ̀ o, Miniong, má dúró sẹ́yìn.

Bí ibi tí mo ti dárúkọ yín bá le jù, ẹ yọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́.

Feling


Baryo Cabaruan
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1987

Feling,

Mo kí ọ. Mo ti tẹ́ ẹní rẹ sílẹ̀ kí ìwé rẹ tó dé, mo wá ká a. Kí n sọ ìyẹn ná, kí n lè gbàgbé rẹ̀.

A ti ṣe é. Omi tún ti kún. A kọ́kọ́ jókòó nídìí ibojì rẹ̀, mo ya ẹnu, kò sí nǹkan kan. Mo rí i pé Sabel ti ń tún ìró rẹ̀ ró kó lè gbà á sun. Mo bá dìde, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a lọ sétí omi. Ìyàwó Usting ló gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn dání, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e. Létí omi mo pe orúkọ rẹ̀ bí ìgbà tí oúnjẹ bá ti jinná, ohùn sì jáde. Kò dùn. Sabel sọ ọ́ sí mi lójú lẹ́yìn náà pé ó dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ṣùgbọ́n ó jáde.

Mi ò yọ nǹkan kan nínú ohun tí o kọ. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá àgbà rẹ̀ ti ń sun arò olókùú, gbogbo wọn wolẹ̀. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mo sì fa gígùn rẹ̀ dáadáa. A kì í fèsì sí arò, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Doña Remedios, opó Don Saturnino, wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Ó dìde. Ó ní, "Ilé mi ló wà, ọmọ. Arò òkú tèmi ló ń sun. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é." Ó sì jókòó. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Mo sun tiwa parí.

Lẹ́yìn náà ni mo pè é wálé. Wàá gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti kúrò nínú omi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n ti bọ́ aṣọ dúdú lọ́rùn mi, ọwọ́ mi ṣì ń wá a láàárọ̀.

Ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì rẹ ni mo gbà á sí. Mo kọ ARÒ sí i lára gàdàgbà, kí ẹnikẹ́ni má baà sun tupig. Má gbọ́ ọ nílé tí kò sí òkú. Bàtà rẹ̀ kan wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì náà. Ìkejì ń bẹ lọ́dọ̀ mi.

Ìyá rẹ,
Basilia


Kowloon
Ogúnjọ́, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1987

Nanang mi,

Mo kí ohùn yín. Ẹ sọ fún Sabel pé n óò wá bá a jà.

Mo rántí ohun tí ẹ sọ nípa ilé tí kò sí òkú. Mo wá ibi tí mo lè gbé e lọ, mo wá a títí, ilé onílé ni gbogbo ibí. Lọ́jọ́bọ̀ tí Madam Lau gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́jà, mo gbé ẹ̀rọ Perla sílẹ̀ nínú ilé ìdáná níbi tí mo máa ń sùn, mo sì gbé bàtà náà síwájú rẹ̀. Ilé kì í ṣe aláìlókùú níbi tí mo bá wà, láti ọdún tó kọjá.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ Doña Remedios. Mo gbọ́ ibi tí ìyàwó Tata Usting ti ń fa imú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ wá pè é. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kíní, ẹ dúró. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dúró. Nígbà tí ẹ pè é lẹ́ẹ̀kẹta, n kò gbọ́ ju omi tó ń ṣàn lọ. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, mo ní, "Èmi nìyí."

Madam Lau ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù ọjà lọ́wọ́. Ó bi mí ẹni tó ń pè mí. Mo sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pè. Ọmọ mi ni, kò lè dáhùn mọ́, mo bá a dáhùn ni.

Feling